Bàbá Àgbà Tí Ó Ti Inú Ọkọ̀ Ogun Bọ̀

Kókó ọ̀rọ̀ ti ìrọ̀lẹ́ yìí ni bí ó ṣe yẹ kí ìdílé máa ṣe ìrántí bàbá àgbà tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní néfì. Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkó ni ọ̀rọ̀ náà yóò fìdí kalẹ̀ sí, nítorí ibẹ̀ ni ìdí iṣẹ́ náà wà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí bàbá àgbà bá papò dà, tí a sì bí ọmọkùnrin sínú ilé náà lẹ́yìn rẹ̀, a kì í wá orúkọ ọmọ ọ̀hún lọ sí ọ̀nà jíjìn. Babátúndé ni. Orúkọ yìí ni ìrántí àkọ́kọ́ tí Yorùbá ń ṣe fún ẹni tí ó lọ. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó. Bí Babátúndé bá di ọmọ ọdún mẹ́wàá, tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀, tí ó sì béèrè pé, “Bàbá tí ẹ ní ó padà wá yìí, iṣẹ́ wo ni wọ́n ṣe láyé?” ta ni yóò dá a lóhùn? Bí ó bá ṣe àgbẹ̀ ni bàbá náà, wọn yóò mú ọmọ lọ sí oko, wọn yóò fi igi kòkó tí bàbá gbìn hàn án. Bí ó bá ṣe ọdẹ ni, ìjálá ń bẹ tí yóò ròyìn rẹ̀. Bí ó bá ṣe alágbẹ̀dẹ ni, òòlù àti ẹmú rẹ̀ ń bẹ nílẹ̀. Ti ọmọ ogun ojú omi kò rí bẹ́ẹ̀. Omi kì í gba ojú ẹsẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, omi a padé, bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gba ibẹ̀ kọjá rí. Ọkọ̀ tí bàbá wọ̀ pàápàá lè ti di irin àlòkù tí a gé tà. Ohun tí ó kù kò ju ẹnu bàbá lọ, àti etí àwọn tí ó sọ ọ́ fún.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ìtàn yìí ti ṣẹlẹ̀. Ìjọba amúnisìn ni ó la Àpápá sílẹ̀ bí èbúté tuntun. Ọdún 1926 ni wọ́n ṣí ibùdókọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ níbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ òkun ńlá ti lè sún mọ́ ilẹ̀ kí ó sì já ẹrù. Wọ́n la títì, wọ́n gbin igi, wọ́n kọ́ ilé fún àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́. Àwọn tí ń ru ẹrù, tí ń tún ẹ̀rọ ṣe, tí ń fọ ara ọkọ̀, kò rí àyè irú ilé bẹ́ẹ̀ gbà. Òdìkejì ààlà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn sí, ní Ajégúnlẹ̀, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ìdílé mẹ́wàá ń pín àgbàlá kan. Títí di òní olónìí, ọjà kan ń bẹ ní Ajégúnlẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Boundary, èyí ni ààlà.

Orúkọ Ajégúnlẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ èbúté. Ọkọ̀ ni ó máa ń gúnlẹ̀. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ọmọ Olókun ni Ajé, inú òkun ni ó ti ń bọ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó pe àdúgbò kan ní Ajégúnlẹ̀ ń wí pé ọmọ Olókun ti sọ̀ kalẹ̀ síbí. Ìrètí yìí ni ó kó oríṣiríṣi ẹ̀yà jọ síbẹ̀: Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ, Ùròbò, Ìgbò àti àwọn mìíràn. Ìlàjẹ àti Ìjọ ti mọ omi láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí òkun rí kí wọ́n tó dé Èkó. Ìdí iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti pàdé.

Ní Àpápá ni ibùdó ọmọ ogun ojú omi tí a ń pè ní NNS Beecroft wà. Ibẹ̀ náà ni NNS Quorra wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ inú ọkọ̀. Orúkọ méjèèjì yẹ ní àgbéyẹ̀wò. John Beecroft ni aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní etíkun wọ̀nyí láti ọdún 1849. Ó wà lára àwọn tí ó kó ọkọ̀ ogun wọ Èkó ní ọdún 1851, tí wọ́n fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí oyè. Quorra ní tirẹ̀ ni bí àwọn òyìnbó ìgbà àtijọ́ ṣe kọ Kwara, orúkọ odò ńlá tí Yorùbá mọ̀ sí Odò Ọya. Ẹ̀yin ẹ wò ó: ẹni tí ó fi àgbá bá Èkó jà ní orúkọ ní ẹnu ọ̀nà ibùdó, odò náà ní orúkọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkùnrin Ajégúnlẹ̀ tí ó fi ogún ọdún gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé láàárọ̀, tí ó gba ibẹ̀ jáde lálẹ́, ẹnu àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ nìkan ni orúkọ tirẹ̀ lè wà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ó parí.

Kí á tó dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ̀ka ìjọba kan wà tí a ń pè ní Marine. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Òun ni ó ń gbẹ́ iyanrìn ìsàlẹ̀ omi kí ọkọ̀ lè ráyè kọjá. Òun ni ó ń fi àmì sí ẹnu òkun kí ọkọ̀ má baà forí sọlẹ̀. Òun náà ni ó ń kó èrò àti ẹrù ìjọba lórí odò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 1956 ni a yọ nǹkan bí 250 òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀ 11, ńlá àti kékeré, láti fi dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ojú omi sílẹ̀. Ní ọdún 1958 ni òfin fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ orúkọ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba òyìnbó lórí mọ́ ní ọdún 1963, orúkọ ọba náà kúrò lára rẹ̀.

Lára àwọn tí ó ti inú Marine bọ́ sínú ẹgbẹ́ tuntun yìí ni Joseph Edet Akinwale Wey. Calabar ni a bí i sí ní oṣù Kẹta ọdún 1918. Ẹ kíyè sí orúkọ rẹ̀: Edet jẹ́ orúkọ àwọn ará agbègbè Calabar, Akínwálé sì jẹ́ orúkọ Yorùbá. Ní nǹkan bí ọdún 1940 ni ó wọ Marine láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀. Kì í ṣe orí àga ọ̀gá ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìdí ẹ̀rọ ni, ní ìsàlẹ̀ ọkọ̀, níbi tí ooru ti ń mú bí iná àdògán, tí ariwo irin kì í jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹnìkejì. Ní ọdún 1964, nígbà tí Commodore Kennedy tí ó jẹ́ òyìnbó fi ipò sílẹ̀, Wey ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di olórí ọmọ ogun ojú omi. Ó wà ní ipò náà títí di ọdún 1973. Ó tún jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó sún mọ́ Ọ̀gágun Yakubu Gowon jù lọ nínú ìjọba ológun, títí ìjọba náà fi wó lulẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1975, tí Wey sì fẹ̀yìn tì. Ó di olóògbé ní oṣù Kejìlá ọdún 1991.

Ìtàn Wey ṣeé sọ báyìí nítorí pé ó wà lákọsílẹ̀. Ọ̀gá ni. Ṣùgbọ́n ọ̀gá kan kì í dá tu ọkọ̀. Ẹni tí ń da epo sí ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ẹni tí ń se oúnjẹ wà níbẹ̀, ẹni tí ń ju okùn sí èbúté wà níbẹ̀, ẹni tí ń fi àsíá àti iná bá ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n di bàbá àgbà ní Ajégúnlẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní ọdún 1956 ti tó ẹni àádọ́rùn-ún ọdún báyìí. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ń lọ sí ọgọ́rin. Àkókò kò dúró de ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ohun tí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣòro ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ-ọmọ kò mọ ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bi bàbá. Wọ́n mọ̀ pé bàbá wọ aṣọ funfun rí, wọ́n ti rí fọ́tò rẹ̀ lára ògiri, ìmọ̀ wọn kò sì kọjá bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó lè béèrè, ó yẹ kí wọ́n mọ bí ọjọ́ ṣe ń lọ nínú ọkọ̀. Ọjọ́ inú ọkọ̀ ogun kì í ṣe òwúrọ̀, ọ̀sán àti alẹ́ bí ti orí ilẹ̀. Wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n pín in sí fún ìṣọ́. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ni wọ́n pín wákàtí mẹ́rin sí méjì-méjì, kí ìṣọ́ baà lè máa yí, kí ẹnì kan náà má baà jẹ ìyà ọ̀gànjọ́ lójoojúmọ́. Bí bàbá àgbà bá wá ń jí ní aago mẹ́rin òru, tí ó ń rìn ní àgbàlá, tí ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀kùn wò, tí ó ń gbójú sókè wo ìràwọ̀, kí àwọn ọmọ ilé má kàn wí pé ogbó ni. Ó lè jẹ́ pé ìṣọ́ ni bàbá ṣì ń ṣọ́. Bí ó bá ká aṣọ rẹ̀ rògbòdò sínú àpótí kékeré, tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ọkọ̀ ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, nítorí nínú ọkọ̀, ohun tí a kò so mọ́ nǹkan lè pani bí ìjì bá dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni ti ogun abẹ́lé, láti oṣù Keje ọdún 1967 di oṣù Kìíní ọdún 1970. Kí ogun náà tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn tí wọ́n wà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ti padà sí ìlú wọn. Ẹni tí ó kọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní bí a ti ń ta kókó okùn wá di ẹni tí ó wà ní òdìkejì ìbọn. Ọkọ̀ kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ NNS Ibadan. Ìhà Biafra ni ọkọ̀ náà bọ́ sí, Bonny ni ó sì rì sí ní ọdún 1967. Ọkọ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìlú Yorùbá ni ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ bá jà.

Ní oṣù Keje ọdún 1967 náà ni ọkọ̀ ogun gbé àwọn ọmọ ogun Benjamin Adekunle lọ sí Bonny. Ní oṣù Kẹwàá, ó kan Calabar. Ẹ rántí pé Calabar ni a bí Wey sí. Ìlú tí a gbé sin ìwọ́ rẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó jẹ́ olórí wọn lọ fi àgbá gbà. Ohun tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀ ní ọjọ́ náà, òun nìkan ni ó mọ̀ ọ́n. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá tí gbogbo ayé mọ̀, mélòó mélòó ni fún ọmọ iṣẹ́ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí kò sí ẹni tí ó bi í léèrè?

Nǹkan mìíràn tún wà. Iṣẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi nígbà náà ni dídí ojú òkun, kí ohun ìjà àti ọjà má baà wọ Biafra. Iṣẹ́ ogun ni; ó sì ṣe ohun tí wọ́n rán an. Ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ó fa ebi tí ó pa àìmọye ọmọdé. Ní Ajégúnlẹ̀, ọmọ-ọmọ ẹni tí ó dí ojú òkun àti ọmọ-ọmọ ẹni tí ebi náà pa àbúrò rẹ̀ lè máa pọn omi nídìí ẹ̀rọ kan náà. Àwọn bàbá wọn àgbà lè máa ta ayò pọ̀ lábẹ́ igi kan, kí wọ́n má sì dárúkọ Bonny títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọgbọ́n, nítorí òun ni ó jẹ́ kí àdúgbò tòrò. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá gbé e lọ sí sàréè, àwọn ọmọ wọn yóò jogún ogun tí wọn kò mọ ìdí rẹ̀, ahesọ ni wọn yóò sì máa fi kún un. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Àrọ́bá tí kò sí mọ́ ni a kò lè bá.

Báwo wá ni a ṣe ń béèrè? Ọmọ Yorùbá kì í dojú ọ̀rọ̀ kọ àgbà bí ọlọ́pàá. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Bàbá, ẹ̀yin pa ènìyàn bí?” ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kí ọmọ kúnlẹ̀, kí ó mú fọ́tò wá, kí ó béèrè ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá nínú rẹ̀. Kí ó béèrè orúkọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀gá wọn, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, bí ara wọn ti rí ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn kò rí ilẹ̀ níwájú tàbí lẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ ni yóò fa ọ̀rọ̀ ogun yọ, kì í ṣe ìbọn. Bí bàbá bá dé ibi tí ohùn rẹ̀ yí padà, kí ọmọ dákẹ́. Bí ó bá ní ó tó, ó tó. Ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire.

Ẹ̀rọ tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Ó wà nínú fóònù tí ọmọ fi ń gbọ́ orin. Kí a gba ọ̀rọ̀ bàbá sílẹ̀ bí ó ti jáde lẹ́nu rẹ̀, kí a má tún un ṣe. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe pàtàkì. Yorùbá ní ìdákọ̀ró, ó ní ìgbòkun, ó ní àjẹ̀, ó sì fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀sà àti òkun. Ṣùgbọ́n àwọn ọkùnrin tí èdè wọn kò pa pọ̀ ni wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ogun. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè àmúlùmálà tí gbogbo Ajégúnlẹ̀ ń sọ ni wọ́n fi ń pàṣẹ, tí wọ́n fi ń ṣàwàdà, tí wọ́n sì fi ń dá àpárá lórí ọ̀gá. Bí bàbá bá pe nǹkan kan ní orúkọ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ̀, kí a bi í léèrè ohun tí ó jẹ́, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí a óò tún ti gbọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ ìwé. Nọ́ńbà iṣẹ́ bàbá, ìwé tí ó gbà nígbà tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìwé owó ìfẹ̀yìntì, àmì ẹ̀yẹ àti fọ́tò, kí a kó wọn sí ojú kan tí òjò kò lè dé, nítorí ẹni tí ó bá mọ Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tí omi òjò ń ṣe fún àpótí tí a gbé sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Kì í ṣe ìrántí nìkan ni àwọn ìwé wọ̀nyí wà fún. Opó tí yóò béèrè ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀ kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn lẹ́yìn wọn.

Ìjọba náà ń ṣe ìrántí tirẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ni Nàìjíríà ń ṣe é tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe é fún ogun àgbáyé. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni a gbé e wá sí ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ tí ogun náà parí ní ọdún 1970. Wọn a gbé òdòdó sílẹ̀, wọn a yìnbọn ẹ̀yẹ, wọn a tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ológun lápapọ̀ ni ìjọba ń rántí, kò lè dárúkọ bàbá lágbájá tí ń da epo sí ẹ̀rọ. Ti ilé ni èyí. Ní ọjọ́ náà, kí ìdílé tí ó ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ gbé fọ́tò rẹ̀ sí àárín, kí àgbà kan sọ ìtàn kan péré nípa rẹ̀, kí ọmọdé kan sì tún un sọ kí gbogbo ènìyàn gbọ́. Bí bàbá bá ṣì wà láyé, òun ni kí ó sọ ọ́. Bí a bá sì ń kì í, lẹ́yìn tí a bá ti ki oríkì orílẹ̀ rẹ̀ tán, kí a fi orúkọ ọkọ̀ tí ó wọ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ ni oríkì àwọn jagunjagun àtijọ́ ṣe kún. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ó ti parí.

Nígbà náà, bí Babátúndé bá béèrè, a óò rí nǹkan sọ fún un. A óò lè sọ ọkọ̀ tí bàbá wọ̀, ibi tí ó gbé e dé, ohun tí ó ṣe níbẹ̀ tí ó fi ń yangàn, àti ohun tí ó ṣe níbẹ̀ tí ó fi ń jí lóru. Ọmọ tí ó bá gbọ́ méjèèjì ni ó mọ bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ẹ fa àpótí sún mọ́ wọn.